Mo Rí Ìṣòro, N Kò Rí Ènìyàn

ÌBÉÈRÈ: Màmá, okun o. Iṣẹ́ wẹ́fíà ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, wọ́n sì ti fi mí sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, fún oṣù mẹ́fà kí n lè fojú rí iṣẹ́. Nínú oṣù kẹfà ọdún, ìyẹn Júùnù, wọ́n rán mi lọ sí abúlé kan ní Bùnú, sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ti lé ní ẹni ọdún 70, tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bí wọn wà ní Àbújá. Mo kọ fọ́ọ̀mù náà kún láìfo ìlà kan: oúnjẹ kò tó nílé, òrùlé ń jò, ìyá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí àgbà nínú àwọn ọmọ, ẹni ọdún 12, kì í lọ sílé ìwé déédéé, àbíkẹ́yìn, ẹni ọdún 4, sì rù. Mo dábàá owó ìrànwọ́, mo tún dábàá pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọdé. Ọ̀gá mi dá fáìlì padà. Ohun tó kọ sí i ni pé: “Mo rí ìṣòro níbí, n kò rí ènìyàn. Padà lọ. Kí o sì kọ ojú ìwé kan nípa ara rẹ.” Màmá, ọmọ Owé ni mí, ará Kàbà gan-an, mo gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀ yékéyéké. Kí ló kù tí n kò ṣe? Kí sì ni ọ̀rọ̀ tèmi ń wá nínú fáìlì ẹlòmíràn?

ÌDÁHÙN: Okun, ọmọ mi. Ọ̀gá rẹ kò bá ọ jà. Irú ojú ìwé tó ní kí o kọ yẹn, èmi náà kọ ọ́ rí. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta, ojú sì tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Màá débẹ̀.

Kọ́kọ́ ka ìbéèrè rẹ bí ìgbà tí ẹlòmíràn kọ ọ́ sí ọ. O ní ọmọ mẹ́ta ni. O sọ ti ẹni ọdún 12, o sọ ti ẹni ọdún 4. Èyí àárín ńkọ́? Kò ní ọjọ́ orí, a kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó dà bíi pé kò ṣàìsàn, kò sá nílé ìwé, nítorí náà kò rí àyè wọlé. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ nìkan. Ohun tó bàjẹ́ ni fọ́ọ̀mù wa ní ìlà fún. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ kò tíì bàjẹ́, orí ìlà ló gbà jábọ́. Ìyá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òrùlé rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀. N kò mọ iṣẹ́ tó ṣe nígbà tí ara ṣì le, n kò mọ ẹni tó ń bá a tàkúrọ̀sọ nírọ̀lẹ́, n kò mọ ohun tí òun alára fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. O dábàá ohun méjì fún un. Nínú méjèèjì, èwo ló béèrè?

Ní ọdún 1977, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, George Engel, sọ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá wo ara nìkan kò tíì wo aláìsàn. Ó ní ara, ọkàn àti àwùjọ tí ènìyàn ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí a máa wò wọ́n. Àwa wẹ́fíà gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, a tún fi ìgbàgbọ́ ènìyàn kún un. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi ní Yàgbà pé ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nìyí, ó ní, “Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?” Nílé wa, bí ẹnì kan bá ní orí ń fọ́ òun, ẹnì kan á béèrè bóyá ó sùn, ẹnì kan á béèrè ohun tó jẹ, ẹnì kẹta á rọra béèrè ẹni tó bá a jà.

Ṣùgbọ́n má ṣe gbọ́ èyí kí o lọ fa ìlà mẹ́rin sórí ìwé, ara, ọkàn, àwùjọ, ìgbàgbọ́, kí o sì to nǹkan sábẹ́ wọn bí ọjà orí àtẹ. Mo ti ka irú rẹ̀ púpọ̀ jù. Ibi tí wọ́n ti so kọ́ra wọn ni kí o wá. Mú ẹ̀jẹ̀ ríru tí o kọ yẹn. Ọ̀rọ̀ méjì péré lo kọ. Bí èmi bá wà níbẹ̀, màá ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n rí páálí oògùn yín.” Màá wò ó bóyá oògùn ṣì kù nínú rẹ̀. Màá béèrè ìgbà tí wọ́n lò ó gbẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa, ọjọ́ tí orí bá fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lò ó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru lè ga láìsí pé orí fọ́ ènìyàn rárá. Àwọn mìíràn ń dá a sí méjì kó lè pẹ́. Àwọn mìíràn kò rí ohun tí wọ́n kọ sára páálí kà, nítorí ojú ti ń ṣe bàìbàì, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè nípa ojú. Màá wá béèrè ẹni tó ń bá wọn ra oògùn náà ní Kàbà, iye tí ọ̀kadà ń gbà, àti ọjọ́ tí ẹni náà máa ń lọ. Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún 12 yẹn ni, tó sì jẹ́ ọjọ́ ilé ìwé ló ń lọ, a ti rí okùn tó so ẹ̀jẹ̀ ìyá mọ́ ìwé ọmọ. N kò sọ pé bó ṣe rí nìyẹn. Bó ṣe lè rí ni mo sọ. Ìwọ ni wàá lọ wò ó. Ìlà méjì ni o kọ wọ́n sí nínú fọ́ọ̀mù, owó ìrànwọ́ tí o dábàá kò sì ní tú okùn yẹn bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ pé ó wà.

Oṣù kẹfà lo lọ, rántí. Owó kaṣú ti tán lọ́wọ́ ènìyàn nígbà yẹn, iṣu tuntun kò sì tíì jáde. Bó bá jẹ́ oṣù kẹta lo lọ, ó ṣeé ṣe kí o bá kóró kaṣú nínú àpò ní gbọ̀ngán, kí o sì kọ pé nǹkan ń lọ dáadáa. Ilé kan náà ni. Nítorí náà béèrè bí ọdún ṣe ń yí fún wọn: ìgbà wo lowó ń wọlé, ìgbà wo ló ń tán, kí ni wọ́n ń jẹ láàárín méjèèjì. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ní ẹ̀kọ́ ọmọ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé ọdún kẹta sẹ́kọ́ńdírì, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé òfin kì í ra yunifọ́ọ̀mù, kì í sì í ra ìwé. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń béèrè ìyẹn. Kí ló kù lọ́wọ́ ìyá yìí nínú oṣù kẹsàn-án?

Nípa bíbéèrè pàápàá, “A dúpẹ́” ni ògiri tó ga jù nínú iṣẹ́ wa. “Ṣé ara le?” A dúpẹ́. “Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun?” A dúpẹ́, Ọlọ́run ń ṣe é. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ta ló fẹ́ tú àpò ìyà sílẹ̀ níwájú ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Má ṣe béèrè ohun tí “a dúpẹ́” lè dáhùn. Ní kí wọ́n sọ àná fún ọ. “Màmá, àná, nígbà tí ẹ jí, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?” Tẹ̀ lé wọn láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí tí wọ́n fi sùn. Ta ló pọn omi? Ta ló dáná? Kí lẹ jẹ, ta ló jẹun kẹ́yìn? Mo ti rí i tí ìyá kan dé ìdí “ta ló jẹun kẹ́yìn” tó dákẹ́. Nígbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ìwọ náà dákẹ́. Má ṣe tètè fi ìbéèrè mìíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tó àkókò kí n sọ ti ojú ìwé tèmi.

Ó ti lé ní ọdún 20. Olùkọ́ kan ní ìlú kan ní Yàgbà mú ọmọkùnrin ẹni ọdún 9 wá sí ọ́fíìsì wa, bàbá ọmọ náà tẹ̀ lé wọn. Olùkọ́ ní aláìgbọràn ni. Bí wọ́n ní kó dìde, á jókòó. Bí wọ́n ní kó kọ nǹkan, á máa wo ojú fèrèsé. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé. Mo fún àwọn méjèèjì ní àga. Ọmọ náà dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. A sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún bíi wákàtí kan, mo fi ìmọ̀ràn gba bàbá pé kó túbọ̀ mú un le, mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì pẹ̀lú ọwọ́ mi: aláìgbọràn. Bàbá sì mú un le lóòótọ́. Pàṣán ló fi mú un le. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan tó wá fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́ òórùn nígbà tó sún mọ́ ọn. Etí méjèèjì ló ń ṣe ọyún, ó sì ti pẹ́. Ọmọ tí a pè ní aláìgbọràn, òótọ́ ni, kò gbọ́ràn. Kò gbọ́ ohun tí a ń sọ ni.

Bí mo bá ti dìde ní ọjọ́ yẹn, tí mo rìn sẹ́yìn ọmọ náà, tí mo pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Kí ló dé tí n kò ṣe é? Ìbéèrè tí ọ̀gá mi ní kí n fi ojú ìwé kan dáhùn nìyẹn. Mo kọ́kọ́ kọ pé iṣẹ́ pọ̀. Ó fa igi lé e. Mo kọ pé n kò ní ìmọ̀ nípa etí. Ó tún fa igi lé e. Ní ọjọ́ kẹta ni mo wá kọ òótọ́: olùkọ́ ni bàbá mi, nílé wa ọ̀rọ̀ tíṣà ni abẹ gé, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà tí ọkùnrin yẹn ti wọlé tòun ti pẹ́ńsù lápò, mo ti gbà á gbọ́. Ọmọ kò tíì la ẹnu, mo ti dájọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tìrẹ fi kan fáìlì ẹlòmíràn. Ojú rẹ ni ọ́fíìsì fi ń wo ìyá yẹn. Bí ìdọ̀tí bá wà nínú awò, ohun tí a bá fi wò ló máa dọ̀tí. Wọ́n á kọ́ ọ ní ìlànà tí Graham Gibbs gbé jáde ní 1988 fún ríronú lórí iṣẹ́ tí a ti ṣe, ìgbésẹ̀ mẹ́fà: ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe rí lára rẹ, ohun tó dára àti ohun tí kò dára, ìdí rẹ̀, ohun tí ìwọ ì bá tún ṣe, ohun tí wàá ṣe nígbà mìíràn. Kò burú. Bí wọ́n bá fẹ́ rí i nínú ìdánwò, kọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kún bí fọ́ọ̀mù, tí kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀: “Mo kọ́ pé kí n túbọ̀ máa fetí sílẹ̀.” Ìyẹn kò kan ẹnikẹ́ni. Donald Schön, tó kọ̀wé lórí èyí ní 1983, ya ohun méjì sọ́tọ̀: ríronú nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́, àti ríronú nígbà tó ti parí. Èkejì ni ọ̀gá rẹ ń béèrè báyìí kí èkíní lè máa yá ọ lára. Tèmi, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ara mi nínú ọkọ̀ kí n tó délé. Ìbéèrè wo ni mo fò? Ta ni mo fẹ́ràn jù nínú ilé yẹn? Ìgbà wo ni mo fẹ́ jáde?

Fún ìwọ, màá fi ìkẹrin kún un: níbo ni ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú ọmọdé ti wá? Ẹ̀ẹ̀kan péré lo dé ilé yẹn. Ohun tí mo fura sí ni pé ọmọ ọdún 4 yẹn ni o rí, ọkàn rẹ sì gbọgbẹ́. Ọkàn tó gbọgbẹ́ dára. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbọgbẹ́ mọ́, kó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe fún un ní bírò. “Ó rù” kì í ṣe ìwọ̀n. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní okùn aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ láti oṣù mẹ́fà títí tó fi fẹ́ pé ọdún 5: bí apá bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa nìyẹn, kí ọmọ débi ìtọ́jú kíá, láti 11.5 sí 12.5, yẹ́lò, kí wọ́n máa mójú tó o. Ní kí wọ́n wọn ọmọ náà lọ́sẹ̀ yìí. Èyí kì í ṣe ohun tó ń dúró de àyẹ̀wò kíkún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n ń lù, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní òun kò fẹ́ láyé mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tó tán pátápátá. Àwọn wọ̀nyẹn, ọjọ́ tí o bá rí wọn ni wàá gbé wọn.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé, ó sì ní ohun tó bá dára jù fún ọmọ ni kí a fi ṣáájú nínú gbogbo ìpinnu tó bá kàn án. Ọmọ mẹ́ta yìí, ta ló bi wọ́n léèrè? Kí a kó wọn kúrò lọ́dọ̀ ìyá àgbà nítorí pé òrùlé ń jò, páànù la ń sá fún, ẹbí la tú ká.

Wàyí o, “ọmọ Owé ni mí.” O sọ ọ́ bí ohun tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́, ó sì ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ti ibòmíràn wá kò ní mọ bí a ṣe ń kí àgbà kó tó jókòó, kò ní mọ pé “okun” tí a ń kí ara wa kọjá kíkí lásán. Ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n ń pè ní Okun, Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà, Ọ̀wọ́rọ̀, bí a ti ń gbọ́ ara wa tó, ọmọ Kàbà tó gun ọ̀kadà wọ abúlé Bùnú pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá, ìjọba ló dé yẹn. Wọ́n á bi ọ́, “Ọmọ ta ni ẹ́?” Dá wọn lóhùn, àrífín ni bí o kò bá dáhùn. Kàn mọ̀ pé láti ìgbà náà lọ, wọ́n ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ lè tètè dé etí rẹ̀. Bóyá ẹbí rẹ kan ra kaṣú lọ́wọ́ wọn tí kò sanwó tán. Bóyá ọmọ ìyá yẹn tó wà ní Àbújá bá ẹ̀gbọ́n rẹ kàwé. Ẹni tó mọ̀ wá jù ni a máa ń fi nǹkan pamọ́ fún jù. Sọ fún ìyá ní kedere ohun tí wàá kọ, ẹni tó máa kà á, àti ohun tí o kò lè bo mọ́lẹ̀ bí o bá gbọ́ ọ, bíi kí wọ́n máa fìyà jẹ ọmọ. Kí o sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níbi tí kì í ṣe ẹnu ọ̀nà wọn.

Èkejì sì ni pé, nítorí o mọ ilé wa, o rò pé o mọ ilé yẹn. “Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àbújá.” Mo gbọ́ ohùn rẹ níbẹ̀. O ti dá obìnrin yẹn lẹ́jọ́, o kò sì tíì pè é lórí fóònù.

Fún èyí, irinṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ràn. Ann Hartman, olùkọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1975: yíya àwòrán ilé àti ohun gbogbo tó yí i ká. Fa òbìrí kan sí àárín ìwé fún ìyá àti àwọn ọmọ, kí o fa òbìrí kéékèèké yí i ká: ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, aládùúgbò, àjọ, ọmọ tó wà ní Àbújá. Ìlà tó nípọn fún ibi tí agbára ti ń wá, ìlà tó gé wẹ́wẹ́ fún ibi tí àjọṣe ti rẹlẹ̀, ìlà tó rí wọ́gọwọ̀gọ fún ibi tí ìjà wà. Bí mo bá wà lọ́dọ̀ ọmọdé, n kì í lo ìwé. Kóró kaṣú ni mo ń lò, kóró kan fún ẹnì kan, kí ọmọ tò ó sílẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ní ilé kan ní Ìjùmú, ìyá àgbà ti ní ọmọ òun tó wà ní ìlú òkèèrè ti gbàgbé wọn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé kóró ti ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ gan-an, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Mo béèrè. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù aládùúgbò. Ìyá àgbà ni kì í fẹ́ gba fóònù náà, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ti ṣẹlẹ̀ kí àwọn ọmọ tó dáyé. Kò sí ìlà fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù.

Béèrè ohun tí ìyá yẹn lè ṣe pẹ̀lú. Bùnú lo lọ, níbi tí wọ́n ti máa ń hun aṣọ pupa tẹ́lẹ̀, èyí tí a mọ̀ mọ́ ìsìnkú àwọn olóyè. Bí ọwọ́ ìyá yẹn bá ti hun aṣọ rí, mo fẹ́ kà á nínú fáìlì, kì í ṣe nítorí pé yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í hun lọ́la, bí kò ṣe pé ẹni tó máa ka fáìlì náà lẹ́yìn rẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Obìnrin tó tọ́ ọmọ mẹ́ta dé oṣù kẹfà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba ní ọgbọ́n kan tó ń dá. Wádìí rẹ̀ kí owó wa tó lọ bà á jẹ́.

Nígbà tí o bá ń kọ ọ́, ya ohun tí o rí sọ́tọ̀, ya ohun tí wọ́n sọ fún ọ sọ́tọ̀, ya ohun tí o rò sọ́tọ̀. “Ìyá àwọn ọmọ ti pa wọ́n tì” kì í ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Màmá ní ọmọ òun kò pè láti ìgbà Kérésìmesì, n kò tíì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀” dára jù ú lọ, ó sì fi iṣẹ́ tó kù hàn. Lẹ́yìn náà, ka ohun tí o kọ sétí ìyá. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe é. Ìwọ ṣe é, kí wọ́n lè sọ pé, “Rárá o, kì í ṣe bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn.” Ojú ìwé tí o bá kọ nípa ara rẹ kò ní wọ fáìlì yẹn, ìwọ àti ọ̀gá rẹ lẹ ni ín.

Lọ nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti dé láti oko. Jẹ́ kí fọ́ọ̀mù wà nínú báàgì. Bí wọ́n bá fún ọ ní iṣu sísun, jẹ ẹ́. Kí o sì kọ̀wé sí mi nígbà tí o bá dé, nípa ọmọ àárín yẹn: orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, àti ibi tó jókòó sí nígbà tí ẹ̀yin tó kù ń sọ̀rọ̀.